Ọyún nínú àyà ọmọ ọdún méjì: kòkòrò wo ló ń fà á, kí sì ni rọ́bà tí wọ́n kì bọ ìhà rẹ̀ wà fún?

Ìyá_Mọ́kọ́lá
Ọjọ́ Àìkú, aago 10:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Orí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ mi ni mo ti ń kọ èyí, oorun ò kùn mí. Ọmọkùnrin ni, ọdún méjì àti oṣù méjì. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí eéwo yọ sí i ní ìdí. A fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́, ó tú, ó jiná, a gbàgbé rẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá ni ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, tó ń wúkọ́. Mo ra oògùn ibà, mo sì ra Ampiclox olómi ládùúgbò, mo fún un fún ọjọ́ méjì. Ara rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀, mo bá dá a dúró kí oògùn má baà pọ̀ jù lára rẹ̀. Kò ju ọjọ́ kan lọ tó tún fi gbé e ṣánlẹ̀.

Ilé ìwòsàn kan nítòsí ilé wa ní òtútù àyà ni, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ibà ò lọ. Ó ń mí lókè lókè, ihò imú rẹ̀ ń fẹ̀, ẹ̀gbẹ́ òsì nìkan ló sì ń fẹ́ dùbúlẹ̀ sí. Bí mo bá yí i sí ọ̀tún, á figbe ta. Nígbà tí wọ́n ya fọ́tò àyà, gbogbo apá òsì funfun láti òkè délẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n fi ẹfun kùn ún. Wọ́n ní ká máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Nínú Míkírà tó gbé wa, mo ń wo fóònù mi, mo ń ka bó ṣe ń mí. Ó mí ìgbà 68 láàárín ìṣẹ́jú kan.

Dókítà fi abẹ́rẹ́ fa nǹkan jáde láàárín egungun ìhà rẹ̀. Mo rí i. Ó ki bí ọ̀gì tí wọn ò tíì pò mọ́ omi, ó pọ́n ráúráú. Wọ́n wá ki rọ́bà bọ ìhà rẹ̀, wọ́n ti orí kejì bọ inú ìgò omi tó wà nílẹ̀. Ó ṣì ń dà síbẹ̀ bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Ìyá ọkọ mi ń sọ pé ká gbà á sílẹ̀ kúrò nílé ìwòsàn, pé ọmọ tí wọ́n bá lu ihò sí ìhà rẹ̀ kì í yè mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó là mí lóye. Kòkòrò wo ló ń fa irú èyí? Ṣé oògùn nìkan ò lè gbẹ ẹ́ ni? Ṣé eéwo tí mo tẹ̀ yẹn ló fà á? Àbúrò rẹ̀ oṣù méje wà nílé lọ́dọ̀ màmá mi, ṣé kò níí kó o?


Bàbá_Mọ́níyà
Ọjọ́ Àìkú, aago 11:05 alẹ́

Ọmọ mi, kú ọ̀rọ̀ ọmọ. Ọlọ́run á bá wa dá a sí. Láyé tiwa, bí ọmọ bá ní òtútù àyà, òrí la máa fi ń ra á láyà àti lẹ́yìn, a ó da aṣọ bò ó, a ó fún un ní àgbo, ó sì ń lọ. N ò sọ pé kí ẹ má gba tòyìnbó o. Ọ̀rọ̀ lílu ìhà ọmọ kékeré yìí ló ń bà mí lẹ́rù, n ò ní purọ́.


Ìyá_Ọ̀jẹ́
Ọjọ́ Ajé, aago 5:50 àárọ̀

Bàbá, ẹ má bínú sí mi o, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí wọ́n tó lọ gba ọmọ yẹn sílẹ̀. Ìyá Mọ́kọ́lá, ẹ má gbé e kúrò níbẹ̀. Mo bẹ̀ yín.

Ọmọ mi obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà náà. Èéyi mú un, ó lọ tán, ikọ́ ò lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko la fi ń gbé e kiri: oògùn ikọ́ lónìí, àgbo lọ́la, abẹ́rẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tó ń gúnni lábẹ́rẹ́ nílé, ibi àdúrà ní òpin ọ̀sẹ̀. Ibà á lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, á padà dé. Ó rù, ó gbẹ. Ohun tó jẹ́ kí n sunkún ni ọjọ́ tí mo ń wẹ̀ ẹ́, tí mo rí i pé èjìká rẹ̀ ọ̀tún ti rọ̀ sílẹ̀ ju tòsì lọ, bí ẹni tó gbé korobá omi dání. Bí ó bá mí, ẹ̀gbẹ́ òsì á gòkè, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún á dúró sójú kan.

Nígbà tí a fi máa dé ilé ìwòsàn, ọyún náà ti di èèpo. Wọ́n ki rọ́bà bọ̀ ọ́, ìwọ̀nba díẹ̀ ló jáde. Wọ́n ní láti gbé e wọ tíátà, kí oníṣẹ́ abẹ la àyà rẹ̀, kó bó èèpo náà kúrò lára ẹ̀dọ̀fóró. Wákàtí tí mo fi jókòó síta lọ́jọ́ náà, n ò lè sọ ọ́ tán. Ó ti pé ọdún mọ́kànlá báyìí, ó ń sáré ìje ní ilé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n àpá tó wà lára rẹ̀ gùn láti abẹ́ abíyá dé ẹ̀yìn. Ihò tí ọmọ tiyín ní, ìka ọwọ́ kékeré kan ni. Ẹ jẹ́ kí ìyá ọkọ yín gbọ́ èyí.


Dókítà_Èwe
Ọjọ́ Ajé, aago 7:30 àárọ̀

Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú, ẹ kú àìsùn. Dókítà ọmọdé ni mí, Ìbàdàn níbí náà ni mo wà. N ò rí ọmọ yín, nítorí náà àwọn tó wà lọ́dọ̀ yín ni kí ẹ gbọ́ tiwọn ju tèmi lọ. Ohun tí ẹ rí ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Awọ méjì ló yí ẹ̀dọ̀fóró ká. Ọ̀kan lẹ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀fóró fúnra rẹ̀, èkejì tẹ́ sí inú egungun ìhà. Omi tó wà láàárín wọn kò ju èyí tó ń jẹ́ kí wọ́n máa yọ̀ lára ara wọn lọ. Bí kòkòrò bá dá òtútù àyà sílẹ̀, tó sún mọ́ awọ yìí, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í sun sí àárín. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, ìkejì, omi lásán ni, ó ṣì mọ́, oògùn nìkan lè gbẹ ẹ́. Bí kòkòrò bá wọ inú omi náà, ó di ọyún, àwọn okùn tín-ín-rín bí òwú aláǹtakùn á ta kọjá nínú rẹ̀, wọ́n á pín in sí yàrá yàrá. Bó bá tún pẹ́ sí i, òwú yẹn á le, á di èèpo tó fún ẹ̀dọ̀fóró pinpin tí kò fi ní lè fẹ̀ mọ́. Ohun tí Ìyá Ọ̀jẹ́ rí nìyẹn.

Ẹ bi mí bóyá oògùn nìkan ò tó. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé oògùn kiri ara, kò sì sí iṣan ẹ̀jẹ̀ nínú adágún ọyún. Oògùn á dé etí rẹ̀, kò níí wọ àárín dáadáa. Bàbá Mọ́níyà, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé eéwo tó ti gba ọyún, àfi kó tú kó tó jiná. Eéwo inú àyà lèyí, kò sì ní ojú tó máa fi tú, àfi kí a ṣí i fún un. Abẹ́ abíyá ni a ti ń ki rọ́bà náà wọlé, níbi tí ẹran kò ti nípọn, tó sì jìnnà sí ọkàn. Iṣẹ́ náà kì í ṣe ti àná. Oníṣègùn Gíríìsì náà Hippocrates àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń la àárín egungun ìhà láti tú ọyún jáde ní ohun tó lé ní 2,300 ọdún sẹ́yìn; wọ́n á di èjìká aláìsàn mú, wọ́n á mì ín, wọ́n á gbé etí lé àyà rẹ̀ láti gbọ́ bí omi ṣe ń dún. Ìgò olómi tó wà nílẹ̀ yẹn, dókítà Bülau ní Hamburg, nílẹ̀ Jámánì, ló bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún àìsàn yìí ní àwọn ọdún 1870. Omi inú ìgò ló ń jẹ́ kí ọyún jáde láìjẹ́ kí afẹ́fẹ́ gba ọ̀nà rọ́bà wọ àyà padà.

Ẹ wá jẹ́ ká dé orí kòkòrò. Nílẹ̀ wa níbí, èyí tí àwọn dókítà ọmọdé ń bá pàdé jù nínú ọyún àyà ni Staphylococcus aureus, pàápàá lára ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Orí awọ ara àti inú imú ló ń gbé, òun náà ló sì ń fa eéwo. Ó lè gba inú ẹ̀jẹ̀ láti ojú eéwo dé ẹ̀dọ̀fóró, á jẹ ẹ́, á ṣe ihò kéékèèké tó kún fún afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá bẹ́, afẹ́fẹ́ àti ọyún á jọ kún àyà lójijì. Ìdí nìyẹn tí ọmọ fi lè dédé burú láàárín wákàtí kan. Èkejì ni Streptococcus pneumoniae, òun ló ṣáájú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà. Streptococcus pyogenes, tó ń fa ọ̀nà ọ̀fun dídùn, máa ń tẹ̀ lé àrùn bí chickenpox, tó ń sú sí ọmọ lára. Haemophilus influenzae irú b wọ́pọ̀ gan-an tẹ́lẹ̀ kí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ tó dé. Ọmọ tí kò jẹunrekánú, tàbí tí èéyi ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀ bíi ti Ìyá Ọ̀jẹ́, lè ní Klebsiella àti irú rẹ̀.

Ìyá wa, ẹ̀bi eéwo yẹn, ẹ yọ ọ́ kúrò lọ́kàn. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń ní eéwo tí kò dé àyà. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹ má tẹ eéwo ọmọ mọ́, ẹ gbé e lọ kí wọ́n tú u.


Ìyá_Mọ́kọ́lá
Ọjọ́ Ajé, aago 9:15 àárọ̀

Ẹ ṣeun, dókítà. Ìyá Ọ̀jẹ́, mo ka tiyín sí ìyá ọkọ mi létí lórí fóònù. Ó dákẹ́ títí, ó ní ká dúró.

Ohun kan ṣì ń jẹ mí lọ́kàn. Káàdì àjẹsára rẹ̀ pé, n ò pa ọjọ́ kan jẹ. Báwo ló ṣe tún wá ní èyí?


Dókítà_Èwe
Ọjọ́ Ajé, aago 12:40 ọ̀sán

Kò sí àjẹsára fún Staphylococcus títí di òní. Àwọn tó wà lórí káàdì yín, ti méjì nínú àwọn tí mo dárúkọ ni: abẹ́rẹ́ alápapọ̀ márùn-ún tó ní ti Haemophilus nínú, tó wọ Nàìjíríà ní 2012, àti ti Streptococcus pneumoniae tó bẹ̀rẹ̀ ní ìparí 2014. Àwọn méjèèjì ni wọ́n ń gún ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14. Ọmọ yín ti bọ́ lọ́wọ́ ohun púpọ̀ nítorí káàdì yẹn, kì í kàn ṣe èyí.

Àbúrò rẹ̀ náà: ọyún inú àyà kì í ràn. Kòkòrò tó fà á lè ti ọwọ́ àti ikọ́ kọjá, nítorí náà ẹ máa fọ ọwọ́, ẹ fọ aṣọ àti tówẹ̀lì tó kan eéwo, ẹ sì rí i pé tirẹ̀ ti pé lórí káàdì. Kó má ṣe pàdánù ti èéyi ní oṣù mẹ́sàn-án àti èyí tó tẹ̀ lé e ní oṣù 15.


Láàbù_Bódìjà
Ọjọ́ Ajé, aago 4:20 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìrọ́jú, Ìyá Mọ́kọ́lá. Inú láàbù ni mo ti ń jẹun, irú ọyún tí ẹ sọ yẹn máa ń dé ọwọ́ wa. Ohun tó ń dùn mí ni mo fẹ́ sọ.

Bí wọ́n bá gbé e dé, a ó kọ́kọ́ fi díẹ̀ sórí gíláàsì, a ó fi aró kùn ún, a ó sì wò ó lábẹ́ ẹ̀rọ amúǹkantóbi. Staphylococcus á ṣù pọ̀, a ó rí i bí ìdì ẹyìn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ́. Pneumoniae á jókòó ní méjì méjì bí ìbejì. Pyogenes á tò tẹ̀ lé ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín. Gbogbo wọn yìí á gba àwọ̀ àlùkò; Haemophilus àti Klebsiella, pupa rẹ́súrẹ́sú ni wọ́n á yọ. Ìyẹn ò ju wákàtí kan lọ. Lẹ́yìn èyí ni a ó gbìn ín sínú abọ́ oúnjẹ rẹ̀. Ó máa ń gbà tó wákàtí 24 sí 48 kó tó hù, ọjọ́ kan sí i la fi ń to oògùn yí i ká láti wo èyí tó ń pa á.

Kí ló wá ń dùn mí? Ọ̀pọ̀ abọ́ ni kì í hu nǹkan kan. Ọyún wà lójú wa kedere, ó ki, ó ń rùn nígbà míràn, abọ́ mọ́ féfé. Oògùn ọjọ́ méjì tí ọmọ ti lò nílé ti sọ kòkòrò náà di aláìlágbára débi pé kò lè hù lórí abọ́, àmọ́ kò pa á nínú àyà. Dókítà á wá máa fi òye yan oògùn. Ìyá Mọ́kọ́lá, n ò bá yín wí, gbogbo ilé ló ń ṣe é. Mo fẹ́ kí ẹni tó ń ka èyí mọ̀ pé síbí méjì tó fún ọmọ lálẹ́ àná lè fọ́ ojú láàbù. Bó bá ti fún un, kó sọ orúkọ oògùn náà fún dókítà, kó mú ìgò rẹ̀ dání wá.


Akẹ́kọ̀ọ́_Apẹ́tẹ́
Ọjọ́ Ajé, aago 6:02 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń wúkọ́ láti ọjọ́ mẹ́ta. Báwo lèèyàn ṣe lè dá èyí tó le mọ̀ láìsí ẹ̀rọ kankan nílé?


Nọ́ọ̀sì_Yemẹtù
Ọjọ́ Ajé, aago 6:45 ìrọ̀lẹ́

Àbúrò, ṣe ohun tí Ìyá Mọ́kọ́lá ṣe nínú Míkírà. Jẹ́ kí ọmọ náà farabalẹ̀, kó má ṣe máa sunkún, kó má ṣe máa mu ọmú. Ká aṣọ rẹ̀ sókè kí o rí ikùn àti àyà rẹ̀, kí o wá ka mímí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì, 60 sókè ti yá jù. Oṣù méjì títí dé oṣù mọ́kànlá, 50 sókè. Ọdún kan sí márùn-ún, 40 sókè. Bí ìsàlẹ̀ àyà bá ń wọlé sínú nígbà tó bá ń mí, bó bá ń kérora, bí kò bá lè mu omi tàbí ọmú, bí ètè rẹ̀ bá ń dúdú, má dúró de ilẹ̀ mọ́.

Ohun tó sì kan ọ̀rọ̀ tí à ń sọ yìí gan-an: ọmọ tó ti ń gba oògùn òtútù àyà fún wákàtí 48 tí ibà rẹ̀ ò lọ, ẹ béèrè fún fọ́tò àyà. Ẹ má gbà kí wọ́n kàn máa pààrọ̀ abẹ́rẹ́.


Olóògùn_Dùgbẹ̀
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 8:10 àárọ̀

Láàbù Bódìjà sọ òótọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ ìwọ̀n kún un. Ọ̀pọ̀ Staphylococcus ló ti ní èròjà tó ń gé penicillin àti amoxicillin sí méjì kí wọ́n tó ṣiṣẹ́. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe cloxacillin, tí èròjà yẹn ò lè gé. Ampiclox ní cloxacillin nínú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ìwé ìtọ́sọ́nà Àjọ Ìlera Àgbáyé fún ilé ìwòsàn ọmọdé ní 50 mg fún kílò kan, ní wákàtí mẹ́fà mẹ́fà, láti inú iṣan. Ọmọ tó bá wúwo tó kílò 11, 550 mg nìyẹn nígbà kan ṣoṣo. Ṣíbí tíì kan nínú ìgò olómi tí gbogbo wa ń rà, cloxacillin inú rẹ̀ jẹ́ 125 mg. Kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin, ẹnu ló sì gbà wọlé, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ikùn ń jẹ́ kó kọjá. Wọ́n tún máa ń fi gentamicin tì í, 7.5 mg fún kílò kan lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, fún ìwọ̀nba ọjọ́, torí ó lè ba etí àti kíndìnrín jẹ́. Bí ara ọmọ bá ti yá, wọ́n á yí i sí cloxacillin oníhóró tàbí olómi ní ìgbà mẹ́rin lóòjọ́, títí gbogbo rẹ̀ á fi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Mo kọ iye yìí kí ẹ lè rí bí àlàfo náà ṣe tó, kì í ṣe kí ẹnikẹ́ni máa pò ó nílé. Ẹni tó bá wá sọ́dọ̀ mi wá ra gentamicin láìsí ìwé dókítà, n ò níí tà á fún un.


Bàbá_Mọ́níyà
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 9:00 àárọ̀

Mo ti ń ka gbogbo yín láti àná. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Ọ̀jẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí lára. Ìbéèrè kan: ṣé kì í ṣe ikọ́ ife náà ni? Ẹ̀gbọ́n mi kan ní omi nínú àyà nígbà kan, ní ilé ìwòsàn àyà tó wà ní Jericho ni wọ́n ti tọ́jú rẹ̀, ikọ́ ife ni wọ́n pè é.


Láàbù_Bódìjà
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 1:30 ọ̀sán

Bàbá, ẹ ò jìnnà sí òótọ́ rárá, a kì í fo ìyẹn dá. Kòkòrò ikọ́ ife náà ń kó omi sí àyà ọmọdé. Àmọ́ tirẹ̀ sábà máa ń rọra bọ̀, ọmọ á máa rù fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, omi tí wọ́n bá fà sì máa ń mọ́, ó ń pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ bí ìtọ̀, kì í ki bíi ti ọmọ yìí. A ń fi aró mìíràn wá a, a sì ń fi sínú ẹ̀rọ GeneXpert, tó ń mú èsì jáde láàárín wákàtí méjì. Oògùn oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà ni tirẹ̀. Tí wọ́n bá bi ìdílé bóyá ẹnì kan ń wúkọ́ tipẹ́ nínú ilé, kí wọ́n má fi í pamọ́.


Ìyá_Mọ́kọ́lá
Ọjọ́rú, aago 3:25 ọ̀sán

Èsì ti dé! Staphylococcus aureus ni. Wọ́n ní ó hù díẹ̀ lórí abọ́, cloxacillin sì ń pa á. Kò sí ikọ́ ife. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lánàá torí pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an. Ó mu kókó lówùúrọ̀ yìí, ó ní òun fẹ́ àkàrà.

Ohun tó ń dẹ́rù bà mí báyìí ni pé láti alẹ́ àná, nǹkan kan ò jáde mọ́ nínú rọ́bà. Ara rẹ̀ sì tún gbóná ní òru. Ṣé ó ti tán ni àbí ó ti dí?


Nọ́ọ̀sì_Yemẹtù
Ọjọ́rú, aago 3:40 ọ̀sán

Ìyá wa, ẹ tẹjú mọ́ omi tó wà nínú rọ́bà gígùn yẹn. Bí ọmọ bá mí wọlé, tó bá mí síta, ṣé omi náà ń lọ sókè sódò? Bó bá ń lọ bẹ́ẹ̀, ọ̀nà ṣì ṣí. Bó bá dúró gbagidi, ẹ tọ rọ́bà náà láti ìhà rẹ̀ wá sílẹ̀, ẹ wò ó bóyá ó ká tàbí ọmọ sùn lé e. Ẹ pe nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù, ẹ má fà á fúnra yín. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ìgò náà ga ju àyà ọmọ lọ, ì báà jẹ́ ẹni tó ń gbá ilẹ̀. Omi ìgò lè ṣàn padà sínú rẹ̀.


Dókítà_Èwe
Ọjọ́rú, aago 5:15 ìrọ̀lẹ́

Ẹ sọ fún wọn pé ibà padà wá, ẹ sọ aago tó jẹ́. Bí rọ́bà kò bá ká, wọ́n á fẹ́ fi ẹ̀rọ tó ń lo ìró wo àyà rẹ̀ láti mọ̀ bóyá òwú aláǹtakùn yẹn ti pín ọyún sí yàrá. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, oògùn kan wà tí wọ́n lè ti ojú rọ́bà fi sínú rẹ̀ láti tú òwú náà. Urokinase ni ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lò, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Kì í ṣe gbogbo ibi ló ti wà, ó sì wọ́n. Bí ìyẹn ò bá ṣeé ṣe tàbí kò ṣiṣẹ́, ó di ọwọ́ oníṣẹ́ abẹ. Ibi tó wà yìí ṣì yá ju ibi tí ọmọ Ìyá Ọ̀jẹ́ dé lọ, ẹ má jẹ́ kí àyà yín já.


Ìyá_Mọ́kọ́lá
Ọjọ́bọ̀, aago 7:05 àárọ̀

Ó ká! Abẹ́ itan rẹ̀ ni rọ́bà náà ti ká, ó ti sùn lé e mọ́lẹ̀ ní gbogbo òru. Nọ́ọ̀sì tún un ṣe, wọ́n fi pílásítà lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibòmíràn. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ mo rí i tó ń ṣàn, ó kún tó ife tíì kan. Mo jókòó ti ìgò yẹn títí ilẹ̀ fi mọ́, mo ń wo bí omi ṣe ń lọ sókè sódò nínú rọ́bà. Ara rẹ̀ ti tutù láti aago mẹ́rin òru.


Ìyá_Ọ̀jẹ́
Ọjọ́bọ̀, aago 7:20 àárọ̀

Ha, Olúwa ṣeun! Mo ti ń retí yín láti àná. Ẹ ra bàlúùnù fún un. Wọ́n máa ń ní kí ọmọ mi fẹ́ ẹ ní gbogbo ìgbà kí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lè fẹ̀. Tiyín kéré díẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè fẹ́ ọṣẹ olómi kó máa hó. Ẹ sì fún un ní ẹyin, ẹja àti mọ́ínmọ́ín, ọyún yẹn máa ń kó gbogbo agbára ara lọ.


Ìyá_Mọ́kọ́lá
Ọjọ́ Àìkú, aago 6:30 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, wọ́n ti yọ rọ́bà náà lánàá. Dókítà ní ohun tó ń jáde kò tó nǹkan mọ́, fọ́tò àyà tuntun sì fi hàn pé ẹ̀dọ̀fóró ti ń fẹ̀ padà. Apá ìsàlẹ̀ ṣì funfun díẹ̀. Wọ́n ní kí n má dààmú, pé fọ́tò ọmọdé lè pẹ́ tó oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà kó tó mọ́ tán, nígbà tí ọmọ fúnra rẹ̀ ti ń sáré kiri. A ṣì máa gba abẹ́rẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀ sí i, oògùn oníṣíbí á tẹ̀ lé e títí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta á fi pé. Mo ti kọ aago mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí páálí, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri. N ò níí dá a dúró ní ọjọ́ kejì mọ́.

Lánàá ó fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sùn. Mo pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù pé kó wá wò ó.

Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ojú ihò náà ti ń pa ẹnu dé. Ṣé mo lè fi òrí pa á kí àpá rẹ̀ má baà le?


Nọ́ọ̀sì_Yemẹtù
Ọjọ́ Àìkú, aago 7:00 alẹ́

Ẹ kú oríire o! Ẹ má tíì fi nǹkan kan sí i. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ okùn tí wọ́n fi rán an, kó jiná tán, kí èèpá rẹ̀ já fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, òrí dára lórí àpá.


Bàbá_Mọ́níyà
Ọjọ́ Àìkú, aago 7:12 alẹ́

Òrí tuntun dé sí mi lọ́wọ́ láti Ṣakí lọ́sẹ̀ tó kọjá, kò tíì sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ìyá Mọ́kọ́lá, bí ẹ bá ti délé, ẹ sọ ibi tí màá fi rán ọmọ mi sí yín.